Ṣé kí n máa fi dọ́là san owó sọ́fúwíà ṣọ́ọ̀bù mi lóṣooṣù?

Màmá kan tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́ n'Ìbàdàn ló kọ̀wé sí wa. Wọ́n ní: “Ọdún 2014 ni mo ra sọ́fúwíà tí a fi ń ṣe ìṣirò ọjà àti owó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sanwó, a sì ti ń lò ó bọ̀ láìsí wàhálà tó le. Ṣọ́ọ̀bù náà ti di mẹ́ta báyìí. Lóṣù tó kọjá, díílà tó tà á fún mi wá sọ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ta irú ìyẹn mọ́, pé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kù, oṣooṣù ni màá sì máa sanwó rẹ̀, dọ́là ni. Ó ní bí mi ò bá tètè ṣe é, gbogbo àkọsílẹ̀ mi lè parẹ́. Akáúńtáǹtì mi ní kí n má dá a lóhùn. Ọmọ mi tó wà ní Manchester ní kí n má ra nǹkan kan rárá, pé AI máa tó gba gbogbo iṣẹ́ yẹn ṣe. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?”

Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi: èmi náà ń jẹ nínú iṣẹ́ yìí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń bá àwọn oníṣòwò gbé sọ́fúwíà ìṣirò owó kalẹ̀, láti ìgbà tí Peachtree ṣì jẹ́ ọba lọ́dọ̀ wa, tí a máa ń gbé e kiri nínú àwo CD. Bí mo bá bá ènìyàn wọnú èyí tó jẹ́ ti oṣooṣù, ilé iṣẹ́ tó ni ín máa ń já díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí ti díílà yín rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di òpùrọ́, àmọ́ ẹ fi wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi wọn tèmi náà. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, owó kọ́ ló ń já yín láyà jù. Ohun tó ń já yín láyà ni pé ohun tí ẹ ti fi owó yín rà tán, ẹnìkan tún wá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé ẹ yá a ni.

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí pé àkọsílẹ̀ máa parẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sọ́fúwíà tí ẹ rà ní 2014 dà bí ẹ̀rọ ìránṣọ: bí wọn ò bá tiẹ̀ rọ irú rẹ̀ mọ́, èyí tó wà nílé yín á ṣì máa ránṣọ. Inú kọ̀ǹpútà tó wà lọ́fíìsì yín ni orúkọ àwọn oníbàárà yín wà, ibẹ̀ náà ni iye àpò sìmẹ́ǹtì tí ẹ tà lánàá wà. Ohun tó dópin ni ìtọ́jú. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, wọn ò ní tún un ṣe mọ́. Bí ẹ bá pè wọ́n, wọn ò ní gbé e. Bí ìjọba bá yí VAT padà, bó ṣe kúrò ní 5 di 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kejì ọdún 2020, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wọ inú rẹ̀ lọ yí i.

Ewu wà o, àmọ́ ibòmíràn ló wà, díílà yín kò sì dárúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà gan-an ni ewu náà. Bí sọ́fúwíà yín bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, mo fura pé Windows 10 tàbí èyí tó dàgbà jù ú lọ ló gbé e. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025. Àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìtọ́jú onígbà díẹ̀, ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa dí i. Bí kọ̀ǹpútà náà bá sì kú, ẹ máa fẹ́ gbé sọ́fúwíà yẹn sórí òmíràn, á sì béèrè nọ́mbà tó gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa ńkọ́?

Mo rí i ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta táyà. Iná dé lóru, ó dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ó sun UPS, ó sun kọ̀ǹpútà. Wọ́n pè mí láàárọ̀. Akọ̀wé wọn ní kí n má ṣèyọnu, pé òun ní ẹ̀dà ìpamọ́. Mo ní níbo? Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà tí èéfín ṣì ń rùn lára rẹ̀. Fódà kan lójú rẹ̀ gan-an ló kó o sí. A gbé háàdì díìsìkì lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Ọlọ́run bá wa ṣe é, fáìlì jáde. Sọ́fúwíà tó máa ṣí fáìlì ni kò sí, torí ilé iṣẹ́ tó ni ín kò fún ẹ̀yà yẹn ní nọ́mbà mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi jókòó ti ìwé rìsíìtì, tí a ń ka gbèsè pẹ̀lú kalikulétọ̀. Àwọn kan wà tí a kò rí rìsíìtì wọn, bàbá sì ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ní ti owó oṣooṣù, kì í ṣe díílà yín ló dá a sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì dìídì dójú lé oníṣòwò Ìbàdàn. Gbogbo iṣẹ́ náà ló ti yí. Lọ́dún 1999 ni Marc Benioff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Salesforce, ilé iṣẹ́ tó ń ta sọ́fúwíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ ní San Francisco. Àmì tí wọ́n gbé kiri nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà “software” tí wọ́n fa ìlà pupa dábùú, bí ẹni ń sọ pé ẹ má gbé nǹkan kan lọ sílé mọ́, ẹ wá lò ó lọ́dọ̀ wa. Ní 2011 Microsoft gbé Office 365 jáde, ìyẹn Word àti Excel tí a ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Ní 2013 Adobe, àwọn tó ni Photoshop, kéde pé ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní CS6 ló kẹ́yìn nínú èyí tí ènìyàn lè rà lẹ́ẹ̀kan kó máa lò títí. Lọ́dún 2023, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí Broadcom ra VMware, ilé iṣẹ́ sọ́fúwíà ńlá kan, tán tí wọ́n fi dáwọ́ títà lẹ́ẹ̀kan dúró. Lọ́dún 2024 ni Intuit tó ni QuickBooks, sọ́fúwíà ìṣirò owó, kò ta ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà QuickBooks Desktop fún oníbàárà tuntun mọ́ ní Amẹ́ríkà. Kódà SAP ti Jámánì, tí àwọn ilé iṣẹ́ ràbàtà ń lò, ti dá ìparí 2027 gẹ́gẹ́ bí òpin ìtọ́jú fún àwọn tó wà lórí ẹ̀yà wọn àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sún un di 2030, á fi owó kún owó.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ilé iṣẹ́ tó tà fún yín ní 2014 kò rí kọ́bọ̀ yín láti ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ oṣooṣù ló ń san owó iṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ ọ́. Kí ẹ bàa lè tún rà, á máa wá ohun tí ẹ ò béèrè fi kún un, á kun ojú rẹ̀ lọ́dà tuntun, á ní ẹ̀yà ti ọdún yìí dé. Owó oṣooṣù yọ ọ́ nínú eré yẹn. Àwọn tó ń fowó sínú ilé iṣẹ́ náà fẹ́ràn rẹ̀, torí ẹni tó mọ iye tó máa wọlé lóṣù tó ń bọ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kí a sì má tan ara wa, jíjí tí a ń jí sọ́fúwíà lò wà níbẹ̀. Ìgbà kan wà tí ẹ̀dà tí wọ́n ti já okùn rẹ̀ kò wọ́n ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ ní Ìkẹjà, mo sì bá a lórí kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn tó ní ọkọ̀ méjì níwájú ọ́fíìsì. Èyí tó bá wà nínú ẹ̀rọ olóhun lọ́hùn-ún, kò sí bí a ṣe fẹ́ jí i.

Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe tiwọn nìkan. Ẹ ti di oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, Màmá, bẹ́ẹ̀ sọ́fúwíà ṣọ́ọ̀bù kan ni ẹ rà. Ẹ ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà, àmọ́ mo lè fojú inú wo bí ẹ ṣe ń ṣe é: ọmọkùnrin kan á gbé fíláàṣì ti ẹ̀ka méjì yòókù wá lálẹ́ Sátidé, akọ̀wé á jókòó tẹ̀ ẹ́ wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí oníbàárà bá dé ṣọ́ọ̀bù kan tó ní páànù lóun fẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ pe ṣọ́ọ̀bù kejì kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó kù. Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa jẹ́ kí ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé. Bí wọ́n bá jí kọ̀ǹpútà kan gbé, kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n jí. Fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, màá ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Fún ẹni tó ní mẹ́ta, èrè tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ wá rántí káàdì alájọ. Bí alájọ bá dé láàárọ̀, ó máa ń sàmì sí káàdì tó wà lọ́wọ́ yín, á sàmì sí ìwé tó wà lọ́wọ́ òun náà. Bó bá sá lọ, owó lè lọ o, àmọ́ ẹ mọ iye tó gbé lọ, ẹ sì lè gbé káàdì yín síwájú àwọn àgbà ọjà. Sọ́fúwíà 2014 yẹn, káàdì àti ìwé, ọwọ́ yín ni méjèèjì wà. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, alájọ ló mú méjèèjì dání, bí ẹ bá sì fẹ́ wo káàdì yín, ẹ máa kọ́kọ́ san ti oṣù yìí. Àwọn ènìyàn máa ń fi wé DSTV, mo sì máa ń sọ pé kò jọ ọ́. Bí ẹ ò bá san DSTV, eré bọ́ọ̀lù ló fò yín. Bí ẹ ò bá san ti èyí, orúkọ àwọn tó jẹ yín lówó ló há sínú ilé onílé. Àwọn kan á ṣì jẹ́ kí ẹ wò ó láìjẹ́ kí ẹ kọ nǹkan kún un, àwọn kan á tì í pa pátápátá, àwọn mìíràn á dá ọjọ́ tí wọn máa pa á rẹ́. Inú ìwé àdéhùn tí kò sẹ́ni tó ń kà ni èyí máa ń wà. Torí náà, kí ẹ tó béèrè pé èló ni, ẹ béèrè báwo ni mo ṣe máa gba káàdì mi.

Ọ̀rọ̀ dọ́là wá kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, bí ₦460 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀; nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ ò sọ iye tí díílà pè é, ṣùgbọ́n ká ní dọ́là 40 lóṣù ni: ₦18,400 ti di ₦60,000, láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà fi sẹ́ǹtì kan lé e. Kì í tiẹ̀ ṣe iye rẹ̀ nìkan. Ní ìparí 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì wa ní kí káàdì náírà má sanwó sókè òkun mọ́, ó sì di 2025 kí púpọ̀ nínú wọn tó tún ṣí i. Oníbàárà mi kan lówó lọ́wọ́ nígbà náà, owó ẹ̀ wà ní báǹkì, sọ́fúwíà rẹ̀ sì tì torí káàdì kò gbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Canada ló ń bá a san án fún ohun tó ju ọdún kan lọ, bí wọ́n bá sì ti bá ara wọn jà, a máa ń gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì. Bí ẹ bá rí èyí tó ń gba náírà, kódà kó ṣe díẹ̀ kéré sí ti òyìnbó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá fún wa já nítòsí Abidjan. MainOne, WACS, ACE, SAT-3, gbogbo wọn ló fara gbá a, báǹkì wa dákú dájí fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tí ẹ máa mú gbọ́dọ̀ lè tà, kó sì tẹ rìsíìtì, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, kó wá kó ohun tó tà sókè nígbà tó bá dé. Ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé tàwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa dátà fóònù náà lójú wọn, kí ẹ ní kí wọ́n ta àpò sìmẹ́ǹtì kan fún yín.

Ọmọ yín kò parọ́. Ibi tó dúró sí ló ti ń wò ó. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí àwọn oníṣòwò tí owó wọn bá tó iye kan máa fi sọ́fúwíà tọ́jú àkọsílẹ̀ VAT wọn, orí sọ́fúwíà náà ni wọ́n sì ti ń fi ránṣẹ́ sí àwọn agbowó orí. Ínfọ́ìsì ń gba orí íméèlì wọlé, owó ń gba báǹkì kọjá, gbogbo ẹ̀ ló ti wà ní kíkọ, AI kàn máa kà á ni. Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù yín. Kọ́ńtírátọ̀ kan kó ogójì àpò, ó fi owó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì ìyàwó rẹ̀, ó ní tó bá di Jímọ̀ òun á san èyí tó kù, ẹ sì ti já ₦200 kúrò lórí àpò kọ̀ọ̀kan torí oníbàárà àtijọ́ ni. Ara páálí ni ọmọ ṣọ́ọ̀bù kọ ọ́ sí. Kò sí AI tó lè mọ ohun tí a kò kọ fún un. Mo ti ya àwòrán ìwé rìsíìtì kan fún ọ̀kan nínú wọn rí, pé kó bá mi ro ó pọ̀: ó ka 7 sí 1 níbi méjì, ó ro ìyókù pọ̀, ó sì fi ìdánilójú kọ ọ́ síwájú mi bí ẹni tó búra. Níbi tó ti wúlò fún mi ni pé kó to áláàtì báǹkì sí ìsọ̀rí, kó bá mi wá ẹni tó ti ju ọgọ́ta ọjọ́ tí kò sanwó, kó kọ lẹ́tà ìránnilétí tí kò ní dun onígbèsè jù. Àwọn ìyẹn, ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Pé kí ẹ má ra nǹkan kan, bíi pé AI kò ní náni lówó, ibẹ̀ ni mo ti ya ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ yín. Nígbà tí Microsoft gbé Copilot, AI tiwọn, jáde fún ilé iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, dọ́là 30 ni lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan lóṣù, yàtọ̀ sí owó Office gan-an. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n fi Copilot sínú Microsoft 365 ti àwọn ará ilé, wọ́n sì fi dọ́là 3 lé owó oṣù rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Salesforce gbé Agentforce, AI tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, jáde ní 2024, dọ́là 2 lórí ìjíròrò kan ni wọ́n dá lé e. Ẹ kíyè sí èyí, torí ohun tó ń bọ̀ wà nínú rẹ̀: tẹ́lẹ̀, iye ènìyàn tó ń lo sọ́fúwíà ni wọ́n ń kà gba owó, bí AI bá ń gba iṣẹ́ ènìyàn márùn-ún ṣe, ta ni wọ́n fẹ́ kà? Ni wọ́n bá ń ka iṣẹ́. Satya Nadella tó jẹ́ ọ̀gá Microsoft sọ ọ́ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ní ìparí 2024 pé ó ṣeé ṣe kí àwọn sọ́fúwíà ilé iṣẹ́ bí a ṣe mọ̀ wọ́n wó lulẹ̀ nígbà tí AI bá ti ń bá àkọsílẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Òun náà ní ọjà tó ń tà. Ohun tí mo mú níbẹ̀ fún yín ni pé bí wọ́n ṣe ń gba owó máa tún yí, nítorí náà ẹ má fọwọ́ sí àdéhùn ọdún mẹ́ta fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ẹ̀dínwó rẹ̀ pọ̀ tó. Bí AI bá sì dé lóòótọ́, àkọsílẹ̀ tó mọ́ ló máa fẹ́ jẹ.

Akáúńtáǹtì yín gbọ́n dé ìdajì. Ó mọ̀ pé kò sí ìjàǹbá tó ń lé yín. Àmọ́ ẹni tó ní kí ẹ má dáhùn kò sọ ohun tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kú. Kì í sì í ṣe òótọ́ pé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù láyé: Tally tó wá láti Bangalore ní Íńdíà ṣì ń ta èyí tí ènìyàn lè rà lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó tún jẹ́ ọ̀fẹ́ wà, bí Odoo Community ti Belgium àti ERPNext ti Íńdíà; ẹ lè gbé e sórí ẹ̀rọ ara yín, káàdì àti ìwé á wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mo ti dé ọ́fíìsì tí ọmọkùnrin tó gbé e kalẹ̀ ti japa, tí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, tí gbogbo wọn ń rọra rìn yí ẹ̀rọ náà ká bí ojúbọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe tiwọn tí wọ́n ń gba náírà, mo fẹ́ràn wọn, wọ́n mọ ohun tí gbèsè “ó di Jímọ̀” jẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀rù lọ́dọ̀ wọn ni pé ilé iṣẹ́ tuntun lè kógbá wọlé láàárín ọdún kan, ọ̀rọ̀ káàdì alájọ á wá di òótọ́ pátápátá.

Bí ẹ bá bi mí, màá ní kí ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta yẹn, àmọ́ kì í ṣe lóṣù yìí, kì í sì í ṣe nítorí pé díílà ń sáré. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju sísanwó lọ. Ẹ rántí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ọdún 2024, nígbà tí báǹkì ńlá mélòó kan pa sọ́fúwíà wọn dà láàárín ìgbà kan náà, tí àwọn ènìyàn ò lè fowó ránṣẹ́, tí owó àwọn kan kò hàn nínú àkáǹtì fún ọjọ́ púpọ̀? Àwọn yẹn ní owó, wọ́n ní ẹ̀ńjínnìà. Kíkó àkọsílẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn ló máa ń le.

Tiyín máa le lórí ìṣó. Ẹ ń rà á ní àpò, ẹ ń tà á ní kílò, ẹlòmíràn á ní ìdajì kílò lòun fẹ́. Akọ̀wé ìṣáájú kọ ọ́ sí “Ìṣó 3”, èyí tó tẹ̀ lé e kọ “3 inch nail”, ẹ̀kẹta kò rí èyíkéyìí nínú rẹ̀ nígbà tó wá a, ó dá tirẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mo ti bá wọn ṣe é, orúkọ mọ́kànlá ni ìṣó ínṣì mẹ́ta ní. Ọ̀kan wà ní àpò, àwọn kan ní kílò, òmíràn sì ń fi hàn pé mínọ́ọ̀sì 340 ló kù nílẹ̀, bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù jẹ ayé ní gbèsè ìṣó. Oníbàárà náà rí bẹ́ẹ̀: “Bàbá Kíkẹ́”, “Alh. Kíkẹ́”, “Kíkẹ́ Àpáta”, ẹnìkan ṣoṣo, gbèsè mẹ́ta. Sọ́fúwíà tuntun kì í tún èyí ṣe. Bó ṣe wà ló máa gbé e wọlé, ẹ ó wá máa sanwó dọ́là lórí ìdọ̀tí. Ẹ fi oṣù méjì sí mẹ́ta tún orúkọ ọjà àti orúkọ ènìyàn ṣe nínú ti àtijọ́ ná, ẹ ka ọjà tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú ojú yín, kí ẹ wá ṣí lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìṣirò yín, pẹ̀lú ohun tó kù nílẹ̀ àti gbèsè nìkan. Ìtàn ọdún mẹ́wàá ìṣáájú, ẹ fi í sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó kàn wà fún wíwò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù tó kéré jù, kí ẹ lo méjèèjì pọ̀ fún oṣù kan ó kéré tán. Á sú akọ̀wé yín. Ẹ fún un lówó lé owó oṣù rẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò lè bá yín pinnu láti ibí, ìyẹn ọ̀rọ̀ owó orí. Lọ́dún 2025 ni FIRS, tó ti di Nigeria Revenue Service báyìí, bẹ̀rẹ̀ ètò ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún tó bílíọ̀nù márùn-ún náírà. Mi ò mọ iye tó ń wọlé fún yín, kò sì yẹ kí ẹ kọ ọ́ sí mi. Ẹ jẹ́ kí akáúńtáǹtì yín sọ ibi tí ẹ wà, kó sì bi ilé iṣẹ́ sọ́fúwíà tí ẹ bá fẹ́ mú bóyá tiwọn lè bá ètò yẹn sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kàn yín. Iṣẹ́ tó yẹ kó máa ṣe nìyẹn, dípò kó ní kí ẹ má dáhùn.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ra fíláàṣì méjì, kí wọ́n da gbogbo àkọsílẹ̀ yín sí méjèèjì, kí ẹ gbé ọ̀kan lọ sílé. Lẹ́yìn náà, ẹ pe díílà. Ẹ ní kó wá jókòó tì yín, kó ṣí sọ́fúwíà oṣooṣù tó ń tà yẹn, kó fi hàn yín bí a ṣe ń kó orúkọ gbogbo onígbèsè àti iye tí wọ́n jẹ jáde sínú Excel, lójú yín, láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Bó bá ṣe é, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ná ọjà. Bó bá ní ó di ọ̀la, ẹ ní kó máa bọ̀ lọ́la.